Ìyàwó Tó Ń Ṣíwájú

Ẹ gbọ́ ná, irú ìyàwó wo ni í ṣíwájú ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà?

Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ní ìlú Adja-Ouèrè nìyẹn, bí Bàrákátù àti ọkọ rẹ̀ bá ń lọ sí pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì. Tìjání ọkọ rẹ̀ ni kóòṣì àwọn ọmọ ilé-ìwé níbẹ̀. Bàrákátù a wà níwájú, ọkọ a tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì a jọ di àpò bọ́ọ̀lù mú, olúkúlùkù létí kan. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, obìnrin náà a jókòó tì í, a máa sọ̀rọ̀ sí i létí títí eré á fi parí.

“Ìyàwó, jẹ́ kí àbúrò mi mí!” Fàtímátù, ẹ̀gbọ́n Tìjání, ló sọ bẹ́ẹ̀. “Àwọn ará Àjàṣẹ́ pè é lọ́dún tó kọjá, o ní kó má lọ.”

“Ẹ má bínú, Ìyá wa.”

“Má bínú kọ́, má rínú ni! Inú ìgò lo dé e mọ́.”

Bàrákátù ń ṣa ẹyìn rẹ̀ lọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Lọ́dún yìí, àwọn ọmọ Tìjání borí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì agbègbè náà. Ẹgbẹ́ tó ń sanwó oṣù fún agbábọ́ọ̀lù ní Àjàṣẹ́ tún rán ọkùnrin kan wá. Zémíjàn, ọ̀kadà akérò, já a sí etí pápá. Tìjání dorí kodò bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí.

“Ràzákì, ọmọ ìka lo fi gbá ìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀!” ló ké sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà.

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí i. Tìjání kò mira. Bàrákátù fi ìgbọ̀nwọ́ tì í, kó tó na tiẹ̀.

Fàtímátù pàtẹ́wọ́. “Ẹ wò ó! Kó bọ ènìyàn lọ́wọ́, àṣẹ ìyàwó ni!”

“N ó wá,” ni Tìjání wí, “bí ìyàwó mi yóò bá jókòó tì mí.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Kóòṣì, ẹ̀ṣọ́ yín ni wọ́n ni? Kò burú.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń di ẹrù, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Fàtímátù wá bá Bàrákátù lórí ẹní.

“Kí lo fi dè é gan-an, Ìyàwó?”

Ọ̀rọ̀ náà wá sí Bàrákátù lẹ́nu. Ó gbé e mì.

“Ẹ bá wa ṣàdúà, Ìyá wa.”

Lọ́jọ́ eré àkọ́kọ́ ní Àjàṣẹ́, ó tẹnu bọ Tìjání létí, ó ní aṣọ pupa ni tiwọn, oòrùn wà lẹ́yìn wọn, bọ́ọ̀lù ti ń yí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣèlérí fún un lẹ́nu ọ̀nà dókítà ojú, lọ́jọ́ tí ayé ṣú mọ́ ọkọ rẹ̀ lójú pátápátá, pé ojú tòun á tó àwọn méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò sì ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ lẹ́nu òun.