Ìlà Tó Kù fún Royce

Ní Kárólínà, ní Amẹ́ríkà, láyé ìgbà kan, ìyàwó awakọ̀ eré-ìje ló ń ka iye ìgbà tí ọkọ rẹ̀ yí pápá ká, ìyípo kọ̀ọ̀kan: bí mọ́tò bá ti kọjá, a ó fa ìlà kan sínú ìwé. Ìyípo méjì ló kù nígbà tí mọ́tò Royce, ọkọ mi, gbiná pa á.

Nígbà tí sáà eré-ìje ọdún náà parí, mo lọ kó ìwé mi ní pápá nírọ̀lẹ́. Ìró ẹ́ńjìnnì kọjá níwájú mi, eruku sọ lálá, n ò rí mọ́tò kankan. Ọwọ́ mi ti fa ìlà kí n tó mọ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Mo fi pẹ́ńsù sápò, kí Royce má baà parí ìje kó lọ. Ó ń yí, ó ń yí, títí ó fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú òórùn táyà jíjóná.

"Delma, fa ìlà náà," Royce wí. "Ó ti rẹ̀ mí."