Jíìpù Gíga Tó Gbé Mi ní Ìkìrun

Ẹ gbà mí o.

Òkukù ni mò ń lọ. Jíìpù gíga kan ló gbé mi.

A ò tíì dé Inísà tí awakọ̀ fi ń pariwo sórí fóònù.

"Tòkunbọ̀ ni mo fẹ́ o! Èyí tó gùn. Bó bá gùn jù, ẹ gé e."

Mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

Bó ṣe rọra ń wọ kòtò, mo bẹ́ sílẹ̀, ó di inú oko ẹ̀gẹ́.

Ó ń lé mi bọ̀. "Bàbá, kí ló dé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé mi!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣáàfù tó ń yí táyà ni mo ní kí mẹkáníìkì bá mi wá! Mo gbé jíìpù yìí sókè ni, ti tẹ́lẹ̀ ò gùn tó mọ́. Kí tiẹ̀ lorúkọ yín?"

Mo wò ó tìfura-tìfura.

"Olúbọ̀dé ni."

Irọ́ ni o. Tòkunbọ̀ ni wọ́n sọ mí, mo sì gùn bí ọ̀pá.