Títí Iná Pupa Yóò Fi Kú

Ojú omidan atúnẹ̀rọṣe kan níléeṣẹ́ fóònù ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọ̀dọ́kùnrin kan láàárín àwọn oníbàárà tó ń pariwo pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Kó tó mí kanlẹ̀, ọ̀gá omidan náà ti tì í sínú yàrá ẹ̀rọ, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ níta.

"Bí iná pupa ara ẹ̀rọ yẹn ò bá kú, o ò jáde. Iṣẹ́ ẹ náà á sì bọ́!"

Ó nu ẹnu okùn fáíbà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó pààrọ̀ káàdì inú ẹ̀rọ, àmọ́ iná pupa ṣì ń ṣẹ́jú. Ìmọ́lẹ̀ kankan ò wọlé láti ibùdó kejì, níbi tí okùn náà ti wá. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀, tó máa ń pè é ní Olóhùn-oyin lórí fóònù, kò sì gbé ìpè.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá rẹ̀ tún ti ọ̀dọ́kùnrin tí ojú wọn ṣe mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan wọlé. "Ó ní ibùdó kejì lòun ti wá. Ẹ jọ tún un ṣe!" Kọ́kọ́rọ́ tún yí.

"Olóhùn-oyin," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí.

"Háà, ìwọ nìyí! Ta ló wá wà lọ́hùn-ún?"

"Kò sẹ́nì kankan. Èmi ni mo yọ okùn náà. Bí nǹkan ò bá bàjẹ́, wọn kì í jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀, mo sì fẹ́ fojú rí ẹ."

"Ta ló máa wá dá a padà?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo ilẹ̀kùn, ó wo iná pupa, ó sì rọra na lẹ́tà ìfẹ́ tó ti rún lápò rẹ̀ sí i.