Orogún Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Lọ́jọ́ tí aránbàtà mú ẹṣin aràrá náà wọlé, ìyàwó rẹ̀ rò pé ẹnì kan ló ní kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹṣin náà kò ga ju ìbàdí obìnrin náà lọ. Abo ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

"Tiwa ni," ọkọ rẹ̀ wí. "Mo rà á kí n má baà máa yọ ẹ́ lẹ́nu ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Lójú tirẹ̀, ó ti sú ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Láràárọ̀, aránbàtà á jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, á fi ọwọ́ òsì wá ibi tí irun ẹṣin bá ti lọ́ pọ̀, á sì fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé e. Kì í kánjú. Á ya irun ọrùn rẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orúnkún lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì fi àtàǹpàkò yẹ abẹ́ pátákò wò, bóyá òkúta há síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jọ rìn láti yàrá dé ìdáná, láti ìdáná dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á dúró díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.

"O ṣeun, ìyá mi," á rọra wí sí i létí.

Ìyàwó ń wò wọ́n lójú fèrèsé, owú ń se é bí omi orí iná. Ó ti pẹ́ tí sálúbàtà tirẹ̀ ti já, aránbàtà ò bá a tún un rán. Ṣùgbọ́n ó fi awọ gidi rán bàtà mẹ́rin fún ẹṣin, kó má baà máa yọ̀ lórí táìlì. Òwú rẹ̀ wọ́ síhìn-ín, ó wọ́ sọ́hùn-ún, bí iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ìkánjú ìfẹ́ nìyẹn, obìnrin náà wí nínú ara rẹ̀.

Ó dirun tuntun, ó lọ dúró níwájú ọkọ rẹ̀. Ọkọ ń ya irun ọrùn ẹṣin lọ ní tirẹ̀. Ìgbà tí ẹṣin fimú kàn án lápá ló tó rẹ́rìn-ín.

Àbúrò obìnrin náà wá kí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, orogún tí wọ́n gbé bá yín yìí, ó kúkú tún ní ìrù."

"Máa rín in lọ. Kó o tó padà wá, màá ti lé e."

"Ṣé ẹ ti bá bùrọ̀dá sọ̀rọ̀ ná?"

"Kí ni n ó bá a sọ? Ọkùnrin tí kì í wo ojú mi mọ́. Wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jọ ń bọ̀. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan okùn ọrùn rẹ̀ pàápàá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọkùnrin tó tà á fún wọn wá gé pátákò rẹ̀, aránbàtà ń sùn. Ìyàwó kó búrọ́ọ̀ṣì, kóòmù àti bàtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpò, ó fa ẹṣin dé ẹnu géètì, ó na okùn sí ọkùnrin náà.

"Ẹ máa mú un lọ. Ọkọ mi ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́."

Inú ọkùnrin náà dùn, ó gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun, màmá, àbí ojú ọkọ yín ti wá ń ríran padà ni, tí kò fi nílò ẹni tí yóò máa mú un rìn mọ́?"