Iṣẹ́ Ọkùnrin

Òwúrọ̀ Sátidé nìyí ní Ohio. Garth, ọkọ ọmọ mi, fẹ́ gé ẹsẹ̀ férémù ilẹ̀kùn kí pákó ilẹ̀ tuntun lè wọ abẹ́ rẹ̀.

Ó ti ra ẹ̀rọ. Abẹ rẹ̀ kì í yí, ṣe ló ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

"Màmá, ẹ sún sẹ́yìn. Iṣẹ́ ọkùnrin nìyí."

Mo sún.

"Fídíò ogójì ni mo wò! Ọ̀gá tó ń ṣe wọ́n kì í sọ̀rọ̀. Ìbọ̀wọ́ pupa tí wọ́n fi òwú funfun rán lójú àtàǹpàkò nìkan lẹ máa rí. Ọkùnrin gidi!"

Fídíò ogójì, síbẹ̀ kò rí i pé ọ̀gá máa ń fi àjákù pákó tuntun wọn férémù kó tó gé e.

Ojú lásán ni Garth fi wọ̀n ọ́n. Ó tẹ abẹ mọ́ ìṣó tó wà nínú férémù. Èéfín rú. Eyín abẹ run.

Àlàfo tó gé, ológbò lè gba inú rẹ̀ kọjá.

"Ẹ̀rọ yìí ò dáa!"

Ẹ̀rọ ló jẹ̀bi, àbí?

Maureen, ọmọ mi, ń rẹ́rìn-ín sínú ife kọfí.

Mo ṣí báàgì mi, mo wọ ìbọ̀wọ́ mi.

Pupa ni. Òwú funfun wà lójú àtàǹpàkò.

Garth wo ìbọ̀wọ́ náà, ó wo ojú mi.

"Sún sẹ́yìn, ọmọ mi. Iṣẹ́ ọkùnrin nìyí."