Oògùn Atúọ̀rá

"Màámi, ẹ yọ ahọ́n."

Ìdòwú kán oògùn atúọ̀rá sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu, bí gbogbo ilé àdúgbò ti ń ṣe láàárọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ eyín tán. Ọ̀rá tó so purotéènì mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni oògùn náà ń tú, níbi tí ìbànújẹ́ tí ẹbí bá yàn láti pa rẹ́ fi ṣe ilé. Bí ọ̀rá bá ti tú, purotéènì á já bọ́, ìrántí náà á sì bá a lọ.

Ó ti sọ fún ẹbí pé kí màmá lè sinmi ẹkún ni. Irọ́ gbuu! Òun ló wa ọkọ̀ lọ́jọ́ tí Táyé àti Kẹ́hìndé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kú sínú ọkọ̀ náà. Ojú tí ìyá rẹ̀ fi ń wò ó láti ìgbà náà ni kò lè mú mọ́ra.

Lónìí, màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dì í lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi, nǹkan kan ń rú mi lójú. Èmi ò bí ìbejì rí. Kí ló dé tá a fi sọ ẹ́ ní Ìdòwú?"

Omi lé ròrò lójú Ìdòwú.

Màmá fọwọ́ pa á lórí. "Má sunkún. A óò wá orúkọ mìíràn fún ẹ, orúkọ tó yẹ àkọ́bí."