Ẹkún Inú Ìwé Kóòtù

Ọ̀rọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ló gbé télọ̀ àti ọkọ rẹ̀ dé kóòtù. Télọ̀ ló fi ọdún mẹ́fà ránṣọ kọ́ ilé náà, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wà. Ọkọ ní òun ń lọ, ṣùgbọ́n ilé ń bá òun lọ. Bí adájọ́ bá gbà fún un, ìta ni télọ̀ máa kó ẹ̀rọ rẹ̀ sí.

Adájọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí kóòtù yìí ni, ó sì ní àṣà tirẹ̀. Gbogbo ohun tó bá dún níwájú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọnú ìwé, torí àwọn adájọ́ àgbà tó lè tún ẹjọ́ gbọ́ kò sí níbẹ̀ láti fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Akọ̀wé kóòtù, obìnrin àgbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́, kò bá a jiyàn. Láàárín oṣù kan ó ti kọ oríṣi ikọ́ mẹ́rin, ó sì ti kọ bí lọ́yà kan ṣe hanrun: “họ̀ọ̀rọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga nílẹ̀.”

Ó kan ọkọ láti sọ̀rọ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó mú aṣọ ìnujú méjì dání. Ó wojú adájọ́, ó wojú èrò ìjókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé nìkan ni kò wò.

“Olúwa mi,” ó ní, “ẹ wo bí obìnrin yìí ṣe sọ mí dà.” Ló bá bú sẹ́kún.

Ká sọ tòótọ́, ọkùnrin náà mọ ẹkún sun. Ìyá arúgbó kan lẹ́yìn ti ń bá a sun ún. Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó nujú. Télọ̀ mọ̀ pé ilé ti ń lọ.

Akọ̀wé na ọwọ́, ó gbé ife omi tó wà lórí tábìlì níwájú ọkọ kúrò. Kò pẹ́ sí i, ọkọ gbá tábìlì náà, gbà! Akọ̀wé ń kọ. Ó dé bírò rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn ikun.

“Ó ṣe mí láàánú gan-an,” ni adájọ́ wí. “Akọ̀wé, kí n tó dájọ́, ẹ ka ohun tí ẹ kọ.”

Akọ̀wé dìde, ó sì kà á bí ẹni ń ka iye aṣọ fún alágbàfọ̀.

“Ó sunkún: hìn-ín, hìn-ín, hìn-ín. Ó dákẹ́. Ó yọjú wo adájọ́ láàárín ìka. Ó tún bẹ̀rẹ̀: yéè, yéè, èkejì gùn ju èkíní lọ. Ó gbá tábìlì: gbà. Ó wò ó bóyá ọwọ́ rẹ̀ bó. Ó fọn ikun: fọ̀ọ̀n. Ikun kò jáde. Aṣọ ìnujú méjèèjì gbẹ táútáú.”

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó yẹn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ wọ awò rẹ̀ padà, ó ní kí ọkọ kó aṣọ ìnujú náà wá. Ó fọwọ́ kàn wọ́n. Ó dá ilé fún télọ̀.

Níta, télọ̀ di akọ̀wé mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

“Ẹ ṣé o, Mà. Ẹ ṣé gan-an! Ọdún mẹ́jọ ni mo fi bá ọkùnrin yẹn gbé, mi ò rí ohun tí ẹ rí. Ẹ tiẹ̀ kọ ọ́ tán kó tó sun ún tán! Níbo lẹ ti kọ́ iṣẹ́ yìí?”

“Orí àga tó o jókòó sí lónìí yẹn náà ni,” ni akọ̀wé dáhùn, “lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí ọkùnrin yẹn fi ẹkún kan náà gba ilé tèmi.”